Ẹ̀rọ Tí Ń Kùn Bí Oyin

Ọ̀ràn tí a fẹ́ gbé ka iwájú yín ní ọ̀sẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀ràn àwọn ọmọdé tí ń fi wáyà ṣeré. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ba àárín bàbá àti ọmọ jẹ́ ní ilé wa ní Adó-Èkìtì níhìn-ín, ó sì kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tí a kò rò pé ó tún kù fún wa láti kọ́ ní ọjọ́ orí wa.

Kásẹ́ẹ̀tì kan wà ní ọwọ́ wa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, nígbà tí a yọ Ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ayọ̀ sì gba gbogbo ìlú kan, àwọn ẹbí wa péjọ sí ilé. Ìyá wa jókòó, ó ka orúkọ àwọn baba ńlá wa, ó sì ki oríkì wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan nínú wa sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá wa ti sùn nínú Olúwa láti ìgbà pípẹ́, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ẹbí tí ó mọ oríkì náà tán. Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a ṣe ìrántí rẹ̀, a pinnu pé gbogbo ẹbí yóò gbọ́ ohùn náà ní àgbàlá.

Ọmọ wa ọkùnrin kejì wí pé òun yóò ṣe ẹ̀rọ tí í sọ ohùn kékeré di ńlá, èyí tí a ń pè ní áńpílífáyà. Ó yọ tíráńsífọ́mà àti àwọn nǹkan mìíràn láti inú rédíò àtijọ́, ó ra ìyókù díẹ̀díẹ̀ ní ọjà, ó fi òjé jó wọn mọ́ ara wọn, ó sì kan àpótí pákó fún un. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó tàn án, ariwo kan jáde bí ti agbo oyin nínú ihò igi, ó sì bo ohùn ìyá wa mọ́lẹ̀. Àbíkẹ́yìn wa, tí a bí lẹ́yìn ikú ìyá wa, béèrè pé, "Bàbá, ṣé báyìí ni ohùn Màmá àgbà ṣe há tó?" Ọ̀rọ̀ náà gún wa ní ọkàn.

A kò jẹ́wọ́ ìbànújẹ́ wa. Ìbínú ni a fi rọ́pò rẹ̀. A wí fún ọmọ náà pé ó fi owó àti àkókò ṣòfò. A ní kí ó lọ ra sípíkà titun. Ó rà á, ariwo náà kò yí padà. Nígbà náà ni a pàṣẹ pé kí ó tú gbogbo rẹ̀ ká. Kò dá wa lóhùn. Ó dojú bolẹ̀, ó sì jáde.

Aládùúgbò wa kan, tí ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ Pólì ti Ìjọba Àpapọ̀, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 1977 tí a sì gbé wá sí Adó ní 1982, gbọ́ ariwo ẹ̀rọ náà, ó sì gbọ́ tiwa pẹ̀lú. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Bàbá, ẹ má tíì jẹ́ kí ó tú u. Ẹ jẹ́ kí a bi í ní ìbéèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ó ń dùn ún."

Ó ṣàlàyé fún wa pé iná mànàmáná tí ń wọ ilé wa a máa lọ síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Dáyóòdù mẹ́rin inú ẹ̀rọ náà a máa darí rẹ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, ìgbì rẹ̀ a sì di 100. Lẹ́yìn èyí, kapásítọ̀ ńlá a gba ìgbì náà mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí àmù ti í gba omi òjò tí ń rọ̀ tí ó sì ń dá, tí ẹni tí ń bu omi nínú rẹ̀ kò fi mọ̀ pé òjò dá rárá. Bí àmù náà bá sán, ìgbì yóò kọjá sínú sípíkà.

Ìbéèrè kìíní: ó yí fólúúmù sílẹ̀ pátápátá. Ariwo náà dín kù, ṣùgbọ́n kò tán. Ó ní, "Ẹ wò ó, àrùn méjì ni, ọ̀kan ń bọ̀ láti ẹ̀yìn fólúúmù, èkejì ń bá ojú ọ̀nà tí ohùn ń gbà wọlé wá." Ìbéèrè kejì: ó yí fólúúmù sókè, ó yọ wáyà tí ó ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì wá, ó sì so ẹnu ihò náà mọ́ ilẹ̀ ẹ̀rọ. Èyí tí ó rinlẹ̀ nínú ariwo náà parẹ́, ó ku èyí tí ó mú bí ayùn.

Kapásítọ̀ tí ọmọ wa yọ láti inú rédíò àtijọ́ ni ó fa ti ayùn náà, nítorí omi inú rẹ̀ ti gbẹ fún ogbó. Wọ́n pa iná, wọ́n yọ ẹ̀rọ kúrò lára ògiri, wọ́n sì kọ́kọ́ tú agbára tí ó ṣì fara pamọ́ sínú kapásítọ̀ náà dànù, nítorí ó lè gbá ènìyàn lẹ́yìn tí a bá ti pa iná. Wọ́n fi titun sí i, wọ́n kíyè sí àmì rẹ̀ kí wọ́n má bàa dojú rẹ̀ kọ ẹ̀yìn, ariwo ayùn náà sì dákẹ́.

Èkejì ṣòro díẹ̀. Ẹ̀rọ méjèèjì ni ó ní wáyà ilẹ̀ tirẹ̀ lára ògiri, wáyà ohùn sì tún so wọ́n pọ̀. Nítorí náà iná rí ọ̀nà tí ó yí po, ó sì ń rìn yíká nínú rẹ̀. Ọmọ wa ní kí a kúkú gé wáyà ilẹ̀ kan. Aládùúgbò wa kígbe, "Rárá o! Wáyà yẹn ni kò jẹ́ kí iná pa ènìyàn." Ó fi bátìrì sínú ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, ó sì yọ ọ́ kúrò lára ògiri. Ilé pa rọ́rọ́.

Nígbà náà ni ìyá wa sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ìgbà ayé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n a tún gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀: gbì, gbì, gbì. Ọmọ wa ti na ọwọ́ sí ẹ̀rọ láti tún wá àrùn kẹta, nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Èmi nìyẹn. Iyán ni mò ń gún ní ẹ̀yìnkùlé ní ọjọ́ náà." Omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìrántí, kí a tó tan ẹ̀rọ náà, a dìde níwájú gbogbo ẹbí, a sì bẹ ọmọ wa fún ọ̀rọ̀ tí a sọ sí i. Kò rọrùn fún wa. Àwọn baba wa sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀lẹ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Àwa mọ òwe náà tipẹ́, a sì ti fi kọ́ ọmọ púpọ̀; síbẹ̀ ẹ̀rọ tí ń kùn ni ó fi yé wa.

Ẹ̀yin òbí, bí ohun tí ọmọ yín fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bá ń pariwo, ẹ má ṣe kọ́kọ́ ní kí ó tú u ká. Ẹ bá a jókòó tì í, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.