Ọwọ́ Tó Mọ Igi Gọ́ọ̀fù Dì Mú

Ìdí kádì ni mo ti wọ iṣẹ́ gọ́ọ̀fù. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ pró, àwọn tó fi gọ́ọ̀fù ṣe iṣẹ́, gbà wọ̀ ọ́ nílẹ̀ wa nìyẹn: ọmọdé á máa gbé àpò igi fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, á máa wá bọ́ọ̀lù tó sọnù sínú igbó, á máa nu ẹrẹ̀ kúrò lára irin, títí ẹnìkan á fi fún un ní ògbólógbòó igi kan pé kó gbá tiẹ̀ náà wò. Ládùúgbò wa n'Ìbàdàn, bí a bá ti jáde nílé-ìwé, pápá gọ́ọ̀fù là ń forí lé. Owó tí a ń rí níbẹ̀ la fi ń ra ìwé àti bàtà. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ibẹ̀ ni màá ti máa jẹun títí dòní.

Ìyá mi ló mú mi lọ bá ọkùnrin tó padà di ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́ gọ́ọ̀fù. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi fi ọmọ yìí ṣe ọmọ yín. Tó bá ṣe ohun tí kò dáa, ẹ bá a wí.” Ọ̀gá kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní kí n na ọwọ́ méjèèjì. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ mi sókè, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ àwọn ibi tó ti yi, ó ní, “Oko lọwọ́ yìí ti ń bọ̀.” Òótọ́ ló sọ. Gbogbo Sátidé la máa ń lọ bá bàbá wa roko. Ó wá yíjú sí ìyá mi: “Ẹ fi í sílẹ̀, ìyá. Ṣùgbọ́n yóò pẹ́ o.”

Ọkùnrin kúkúrú ni, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àwa ọmọṣẹ́ sì máa ń bẹ̀rù ojú rẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ. Òun náà ti ṣe kádì rí. Ó ti gbé àpò ní Ikoyi Club l'Ékòó láyé ìgbà tí àwọn pró ìlú òyìnbó ń wá gbá Nigerian Open níbẹ̀. Ó máa ń ròyìn ọdún 1978 fún wa, nígbà tí Sandy Lyle, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ogún ọdún, gbá 61 lọ́jọ́ kìíní, tó gbá 63 lọ́jọ́ kejì, tó sì gba ife náà lọ. Lyle yìí náà ló padà wá gba Open Championship ní 1985, tó tún gba Masters l'Amẹ́ríkà ní 1988. Ọ̀gá á ní, “Gbogbo èrò ń wo bọ́ọ̀lù lókè. Ìka rẹ̀ lèmi ń wò.” Kò sẹ́ni tó fi ọwọ́ kọ́ ọ̀gá mi bí òun ṣe fi ọwọ́ kọ́ wa. Ojú ló fi jí i kọ́.

Ọwọ́ tó mọ ọkọ́ àti àdá ni mo gbé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọwọ́ náà ló sì kọ́kọ́ fún mi ní wàhálà. Àtẹ́lẹwọ́ ni àgbẹ̀ fi ń gba èèkù, gbogbo ìka á wá wé mọ́ ọn gírígírí kó má baà fò yọ. Bí mo ṣe gbá igi gọ́ọ̀fù mú nìyẹn. Tí mo bá fì í, bọ́ọ̀lù á fi ilẹ̀ wọ́, tàbí kó gbéra kó sì yà bàrá sápá ọ̀tún, ó di inú igbó. Tí mo bá wá fi agbára kún un, ibi tó jìn ju ti àkọ́kọ́ lọ nínú igbó náà la ó ti bá a. Ọ̀gá wò mí títí, ó wá gba gbogbo bọ́ọ̀lù tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹni tí kò tíì mọ igi dì mú, kí ló fẹ́ fi bọ́ọ̀lù ṣe?

Ojú irin ló kọ́kọ́ kọ́ mi. Ó fi ẹnu tíì, èèkàn kékeré tí a ń gbé bọ́ọ̀lù lé, fa ìlà sórí iyanrìn, ó ní kí n gbé irin nọ́ḿbà 7 kalẹ̀ kí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dábùú ìlà náà gẹ́lẹ́, kí ojú rẹ̀ sì kọjú síbi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Ìgbà tí irin bá jókòó dáadáa ni ọwọ́ tó lè kàn án. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń di igi mú tán kí wọ́n tó gbé e kalẹ̀. Ojú irin á ti wọ́, wọ́n á sì máa wá ìdí tí bọ́ọ̀lù fi ń yà.

Lẹ́yìn náà ló kan ọwọ́ òsì, nítorí ọ̀tún ni mo fi ń gbá. Igi ní láti gba orí ìka kọjá ní dídábùú: láti ìdí ìka ọmọńdinrín, tó kéré jù, dé oríkèé àárín ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò. Nígbà tí ìka bá ká mọ́ ọn tán, ẹran tó nípọn nídìí àtẹ́lẹwọ́, lábẹ́ ìka ọmọńdinrín, á wá gun orí igi, á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìka mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́. Àtàǹpàkò á sùn sórí rọ́bà tó bo ibi ìdìmú igi, á yẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀tún. Rọ́bà díẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ lókè ọwọ́, kí ẹran ìdí ọwọ́ má baà yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Bí mo bá wolẹ̀, oríkèé méjì tàbí mẹ́ta ló yẹ kí n rí lẹ́yìn ọwọ́ òsì mi. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, bọ́ọ̀lù á fẹ́ yà sọ́tùn-ún. Bó bá di mẹ́rin, á fẹ́ ká sósì.

Ọ̀gá ní ọ̀nà tó fi ń dán an wò. Á ní kí n fi ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò nìkan kọ́ igi lábẹ́, kí ẹran ìdí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lókè, kí n wá ṣí gbogbo ìka yòókù, kí n sì gbé igi náà sókè. Tó bá jẹ́ pé àtẹ́lẹwọ́ ni igi sùn sí, á bọ́. Tèmi ń bọ́, mo ń bẹ̀rẹ̀ mú un, ó tún ń bọ́. Àwọn ọmọ tó ṣáájú mi ń fi mí rẹ́rìn-ín, ọ̀gá kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. “Mú un,” ló ń wí ṣáá. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo rí ìdánwò yìí gan-an nínú ìwé Five Lessons tí Ben Hogan, gbajúgbajà agbágọ́ọ̀fù, gbé jáde ní 1957. Ní Fort Worth, ní Texas, Hogan náà ti gbé àpò fún olówó nígbà tó wà lọ́mọdé.

Ọwọ́ ọ̀tún ló le jù fún mi, torí òun ló lágbára, òun ló sì fẹ́ ṣe ọ̀gá. Ìka méjì tó wà láàárín ló ń gba igi. Ìka ọmọńdinrín ọ̀tún á gun òkè, á jókòó sí kòtò tó wà láàárín ìka kejì àti ìka kẹta ọwọ́ òsì. Ihò àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, nídìí àtàǹpàkò, á wá bo àtàǹpàkò òsì mọ́lẹ̀ pátápátá. Ní ibi tí àtàǹpàkò àti ìka kejì ti pàdé lórí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí àmì bíi lẹ́tà V, méjèèjì gbọ́dọ̀ máa tọ́ka sí agbègbè èjìká ọ̀tún. Bí ọ̀kan bá tọ́ka síbí tí èkejì tọ́ka sọ́hùn-ún, ọwọ́ méjèèjì ń bára wọn jà nìyẹn. Àwọn àgbà ti sọ pé ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Lórí igi gọ́ọ̀fù, mo rí ìtumọ̀ rẹ̀ kedere.

Orúkọ Harry Vardon ni wọ́n fi ń pe irú ìdìmú yìí káàkiri ayé. Ọmọ erékùṣù Jersey ni Vardon, ó ṣe kádì lọ́mọdé, ó sì gba Open Championship lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín 1896 sí 1914. Òun kọ́ ló dá a sílẹ̀ o. Johnny Laidlay, ará Scotland, ti ń dì í mú bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ọ̀gá kì í fi dandan lé e. Ọmọṣẹ́ kan wà láàárín wa tí ìka rẹ̀ kúrú, ìka ọmọńdinrín rẹ̀ kì í dúró lókè. Ọ̀gá ní kó fi ìka ọ̀tún há ti òsì, bí Jack Nicklaus àti Tiger Woods ṣe ń ṣe. Àwọn ọmọ kéékèèké tí ọwọ́ wọn kò tíì lágbára, á ní kí wọ́n kó ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé orí igi.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ wá pé bó ṣe fẹ́ ẹ, ìyà ni ó fi jẹ mí. Ìdí ìka ń ro mí, ọrùn ọwọ́ ń ro mí, ó dà bíi pé igi fẹ́ yọ́ bọ́. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ máà bínú sà, kò rọ̀ mí lọ́rùn.” Ó ní, “Tó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn lónìí, o ti padà sí ti àná nìyẹn.” Mi ò gbọ́ ẹ̀kọ́ kan lórí pápá tó ju èyí lọ. Ohun tí ara ti mọ́ ló ń rọni lọ́rùn, yálà ó tọ́ tàbí kò tọ́. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé ìrọ̀rùn ọwọ́ ara rẹ̀ kò ní kúrò níbi tó wà. Ọ̀gá fi ayùn gé òkè igi kan tó ti ṣẹ́, ó fún mi ní èyí tó ní rọ́bà lórí. Mò ń dì í mú lábẹ́ tábìlì ní kíláàsì, mò ń dì í mú nígbà tí mo bá ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Ìyá mi ní kí n má gbé igi sùn mọ́, mo ṣì ń gbé e sùn.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọ̀gá ń yẹ àtẹ́lẹwọ́ wa wò. Níbi tí awọ ti yi ló fi ń mọ ohun tí a ṣe nígbà tí kò sí nítòsí. Bó bá yi láàárín àtẹ́lẹwọ́, ọkọ́ lo dì mú. Bó bá yi nídìí ìka mẹ́ta tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì, ó tọ́. Ìbọ̀wọ́ náà kì í parọ́ fún un: èyí tó bá ti lu nídìí àtẹ́lẹwọ́ ti jẹ́wọ́ pé igi ń yọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tó wo ọwọ́ mi tí kò sọ nǹkan kan, tó kàn kọjá sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba owó kádì tó pọ̀ lọ.

Ó wá ku bí ó ti yẹ kí ìdìmú náà le tó. Ọ̀gá á gba ẹ̀yìn mi yọ, á fa igi lọ́wọ́ mi. Tí kò bá yẹ̀ rárá, mo ti dì í jù. Tó bá yọ wẹ́rẹ́, mo dì í kéré. Á wo iṣan apá mi bóyá ó yọ síta, á wo èékánná bóyá ó ti funfun. Á já ewé odán kan, á fi há àárín àtàǹpàkò òsì àti àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi, á ní kí n fì igi dé òkè kí n sì fì í dé ẹ̀yìn èjìká. Ewé gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí mo bá ṣe tán. Fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ ọ̀tún mi ń ṣí lókè, ewé ń jábọ́. Nígbà tó wá dúró, ọ̀gá gbé bọ́ọ̀lù kan kalẹ̀ níwájú mi láìsọ̀rọ̀. Mo gbá a. Ọwọ́ mi kò mọ̀ pé irin kan nǹkan kan. Mo gbójú sókè, bọ́ọ̀lù ti wà lókè réré, ó ń lọ tààrà. Ọ̀gá ní, “Tún un ṣe.”

Lórí bùráùn, ẹ̀kọ́ mìíràn ni. Bùráùn ni a ń pe iyanrìn tí a fi epo pò, tó dúró fún koríko lẹ́bàá ihò. A ó fi irin gbọọrọ tẹ́ ojú ọ̀nà bọ́ọ̀lù kó tó di pé a gbá a. Níbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ tí ọ̀gá ti lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ló tún pè padà: pútà, igi tí a fi ń ti bọ́ọ̀lù sínú ihò, á sùn sáàárín àtẹ́lẹwọ́, kí ọrùn ọwọ́ má baà mì, ìka kejì ọwọ́ òsì á sì na lé orí ìka ọ̀tún.

Ìgbà tí ọ̀gá jẹ́ kí n bá òun pa rọ́bà igi dà ni mo tó mọ̀ pé ó ti fọkàn tán mi. Abẹ la fi ń la èyí tó ti gbó, a ó ha tépù tó wà lábẹ́ rẹ̀ kúrò, a ó fi bẹntiróòlù nu ara igi mọ́. Tépù tuntun tó ní gọ́ọ̀mù níhà méjèèjì la ó wé mọ́ ọn. A ó fi ìka dí ihò ẹnu òkè rọ́bà, a ó da bẹntiróòlù sínú rẹ̀, a ó mì ín, a ó dà á sórí tépù, ká sì ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà kó tó gbẹ. Tí ọwọ́ bá falẹ̀ díẹ̀, á há sí ìdajì. Ẹni tó bá ṣe é tán ní láti to àmì rẹ̀ tọ́ kó tó gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Oòrùn wa àti òógùn ọwọ́ máa ń sọ rọ́bà di yíyọ̀, yíyọ̀ ló sì ń mú kí èèyàn dì í le jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ọṣẹ fọ tèmi.

Lónìí, àwọn kan ń wá bá mi pẹ̀lú igi olówó ńlá nínú àpò awọ. Mo máa ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn. Inú ń bí àwọn mìíràn, wọn kì í sì í padà wá. Àwọn tó bá dúró, tí wọ́n gbà kí ìdí ìka wọn ro wọ́n, kì í pẹ́ tí bọ́ọ̀lù wọn fi ń kúrò nínú igbó. Wọ́n máa ń bi mí pé ilé-ẹ̀kọ́ gọ́ọ̀fù wo ni mo lọ. Orúkọ ọ̀gá mi ni mo máa ń dá fún wọn, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ kí i.