Ọlọ́run Kì í Ṣe Ọmọ Ẹgbẹ́ Òṣèlú

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, láti ìgbà ìbò 2023 ni ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Mo kàn ń sún un síwájú ni, torí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn pẹ̀lú òṣèlú kì í tán láàárín wa kí ẹnì kan má bínú dìde. Àwa òbí ń sọ Ọlọ́run di ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú lójú àwọn ọmọ wa, àwọn ọmọ náà sì ń gbà wá gbọ́.

Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2022, Bọ́lá Tinúbú mú Kashim Shettima ní igbákejì, Mùsùlùmí pẹ̀lú Mùsùlùmí. CAN, ẹgbẹ́ àwọn Kìrìsìtẹ́nì, fárígá, gbogbo Àbújá gbóná. Àwa Yorùbá tó wà níbí wá há sáàárín, nítorí ẹ̀sìn méjèèjì ló jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà nílé wa. Olúrẹ̀mí, ìyàwó Tinúbú fúnra rẹ̀, pásítọ̀ ni nínú ìjọ Redeemed. Àwọn tó dàgbà nínú wa sì mọ̀ pé Mùsùlùmí méjì náà ni Abíọ́lá àti Babagana Kingibe ní June 12, 1993, tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì sì tú jáde dìbò fún wọn kí Babangida tó fagi lé ìbò náà. Ìyá mi tí kì í pa ìsìn òwúrọ̀ jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wà lára wọn. Bí ẹ bá bi í léèrè ẹ̀sìn Kingibe lọ́jọ́ náà, á ní kí ẹ jẹ́ kóun ráyè to ìlà òun.

Mi ò sọ pé ẹ̀rù àwọn tó kọ Mùsùlùmí pẹ̀lú Mùsùlùmí ní 2022 kò nídìí o. Oṣù kan ṣáájú rẹ̀ ni àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, 5 oṣù Kẹfà, tí wọ́n pa èèyàn bí ogójì. Ilé Yorùbá nìyẹn, kì í ṣe Borno. Ẹni tó ń gbé òkú jáde kò ní ká máa kọ́ òun ní sùúrù. Ohun tó ń dùn mí ni ohun tí a fi ẹ̀rù yẹn ṣe níwájú àwọn ọmọ.

Nígbà tí ìbò ku bí ọ̀sẹ̀ kan, òbí kan fi àdúrà olóhùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp kíláàsì ọmọ mi. Mo ń ro àmàlà lọ́wọ́, mo ní kí ọmọ náà bá mi tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọkùnrin kan ń dún bí àrá: kí iná jó wọn, kí ilẹ̀ lanu gbé wọn mì, gbogbo ẹni tó fẹ́ sọ Nàìjíríà di ti Mùsùlùmí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ mi nígbà náà. Ó gbọ́ ọ tán, ó wò mí lójú, ó ní, “Mọ́mì, ṣé Bàbá Ìbàdàn náà wà nínú wọn?” Bàbá Ìbàdàn ni bàbá ọkọ mi, Alhaji tó máa ń pè wá láàárọ̀ Kérésìmesì kí àwa tí a ni ọdún tó jí. Mo ní rárá, Bàbá Ìbàdàn kò sí níbẹ̀. Ó ní, “Ta ni wọ́n wá ń ṣépè fún?” Ẹ̀yin náà, kí ni ẹ ó fi dá a lóhùn?

Irú rẹ̀ wà lódìkejì o. Àwọn ààfáà kan sọ fún àwọn èèyàn wọn pé Mùsùlùmí tó bá dìbò fún Kìrìsìtẹ́nì ti ta ẹ̀sìn rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n gbà sọ ọ́ yàtọ̀, ohun tọ́mọ mú lọ sínú yàrá lọ sùn kò yàtọ̀.

Èsì ìbò wá dé. Peter Obi, Kìrìsìtẹ́nì tó bá Tinúbú díje, ló mókè ní Àbújá, 281,717 sí 90,902 ti Tinúbú. Nígbà tí wọ́n ro ti orílẹ̀-èdè pọ̀, Tinúbú ló wọlé pẹ̀lú 8,794,726. Àkọ́bí mi, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà, bi mí pé ṣebí wọ́n ní Ọlọ́run ti fi ẹni tó máa wọlé han wòlíì, ṣé Ọlọ́run ló wá fìdí rẹmi ni? Àbúrò mi tó wà níjòókòó ní kó lọ tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Mo ní kó má tọrọ nǹkan kan. Ọmọ tó bi irú ìbéèrè yìí ń ronú ni. Wòlíì tó sọ ohun tí Ọlọ́run kò rán an ló jẹ wá ní àforíjì, mi ò sì tíì rí èyí tó tọrọ ọ.

Ìbéèrè mìíràn tún wà lábẹ́ èyí. Ta lọ́mọ wa gan-an? Ọmọ tí wọ́n bí ní Garki, tó kàwé ní Wuse, tó ń gbé ní Kubwa: fọ́ọ̀mù ní ọmọ Ọ̀ṣun ni, bẹ́ẹ̀ ọdún Iléyá nìkan ló ń gbé e gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn Gbagyi àti àwọn ẹ̀yà bíi tiwọn, tí òfin 1976 gba ilẹ̀ wọn ṣe olú ìlú, ló lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ilé baba àwọn nìyí. Ọmọ tí kò rí ìlú fẹ̀yìn tì á wá nǹkan mìíràn fẹ̀yìn tì, òṣèlú sì mọ bí a ti ń fa irú wọn mọ́ra. Ó lè fún wọn ní ọ̀tá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nínú ìbò gómìnà Èkó ní 18 oṣù Kẹta 2023, àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti ń wo ojú èèyàn àti orúkọ rẹ̀ kí wọ́n tó jẹ́ kó dìbò, wọ́n lé àwọn tí wọ́n fura sí pé Ígbò ni. Ẹ̀gbọ́n kan láti Èkó wá kí wa, ó ń fi í yangàn nídìí oúnjẹ. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi, ọmọ Ígbò, jókòó sí tábìlì kan náà, ó ń jẹ dòdò. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́ níta.” Inú wọn kò dùn. Àwọn ọmọ sì rí i pé a lè bọ̀wọ̀ fún àgbà ká má gbe àgbà lẹ́yìn níbi tí kò dáa.

Ẹ̀yin tó ń sọ pé ká fi òṣèlú sílẹ̀ ká máa gbàdúrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2024, wọ́n kó èèyàn 76 wá sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá níbí, lórí ìwọ́de ebi tó wáyé ní oṣù Kẹjọ. Ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba wà lára ohun tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Ọmọdé wà nínú wọn, ojú wọn ti kó sínú, àwọn kan ṣubú lulẹ̀ nínú kóòtù. Owó béèlì wá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kárùn-ún oṣù náà ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀, lẹ́yìn tí ààrẹ pàṣẹ. Ọjọ́ Ìsinmi tó wà láàárín, a gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa títí ohùn fi há, fún físà, fún ilẹ̀kùn tó tì. Kò sẹ́ni tó dá ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀. Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, orúkọ wọn kò jọ tiwa, bóyá òun ló fà á. Nílé lálẹ́, ọmọ mi kékeré ló dárúkọ wọn nínú àdúrà, ó ní kí Ọlọ́run fún wọn lóúnjẹ. Bàbá rẹ̀ ṣe Àmín tó dún kan òde.

Nílé wa, a kì í gba àdúrà tó ní ọ̀tá nínú mọ́. Kò rọrùn, àbúrò mi ní àdúrà wa ti di omi lásán.

Ìbò 2027 ti ń kanlẹ̀kùn. Àkọ́bí mi ti pé ọdún 18, ó ti lọ forúkọ sílẹ̀ fún káàdì ìdìbò, ó sì ní òun kò ní sọ ẹni tí òun máa dìbò fún, fún pásítọ̀ o, fún Bàbá Ìbàdàn o, fún àwa náà. Bàbá rẹ̀ fa ojú ro, ó ní ṣebí òun lòun ń san owó ilé ìwé rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, owó ilé ìwé lẹ san, ẹ ò san owó ìbò.