Ìwọ̀n Ilẹ̀ Ni Ìwọ̀n Ilé

Ní Agbabu wa yìí, ọmọdé pàápàá mọ̀ pé ìjọba ló ni ọ̀dà tí ń bẹ lábẹ́ ilẹ̀ bàbá òun. Ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà kò mọ̀ ni pé òfin tún wà fún òkè ilẹ̀ náà, tí ń sọ bí ilé tí a óò kọ́ síbẹ̀ yóò ti tóbi tó.

Ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ẹ̀ dá ìjà sílẹ̀ nínú ẹbí wa. Bàbá wa fi pílọ́ọ̀tì kan sílẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní òòró. Ẹ̀gbọ́n mi tí ń ṣòwò ní Òrè fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù kún un láti ààlà dé ààlà. Ìyá wa, tí fèrèsé yàrá rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀ náà, ní ṣé inú òkùnkùn ni wọ́n fẹ́ kí òun ti darúgbó ni?

Èmi tí mo jẹ́ olùkọ́ bá mú ìwé, mo bá wọn ṣírò rẹ̀. Ọgọ́ta lọ́nà 120 jẹ́ 7,200. Ká ní òfin àdúgbò ní ká fi ẹsẹ̀ bàtà 20 sílẹ̀ níwájú, 10 lẹ́yìn, 10 lọ́tùn-ún, 10 lósì. Ó ku 40 ní ìbú, 90 ní òòró: 3,600 nìyẹn, ìdajì ilẹ̀ géérégé. Ká tún ní òfin ní kí ìsàlẹ̀ àti òkè ilé lápapọ̀ má ju ìwọ̀n ilẹ̀ lọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan yóò gba 3,600 nísàlẹ̀, 3,600 lókè. Bí ẹ bá fẹ́ alájà mẹ́ta, àjà kọ̀ọ̀kan di 2,400. Bí ilé bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa dín ní fífẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní, “Ṣé ìjọba fẹ́ fìyà jẹ wá ni?” Mo ní, “Ẹ gbọ́ ná, Ẹ̀gbọ́n.” Láti 1924 ni àrùn tí eku ń gbé kiri ti pa ènìyàn ní Èkó, níbi tí ilé ti fún mọ́ra tí afẹ́fẹ́ kò rọ́nà gbà. Ní 1928 ni ìjọba dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀ láti tún ìlú náà ṣe. Ní New York, wọ́n parí ilé gogoro Equitable ní 1915, òjìji rẹ̀ bo àdúgbò mọ́lẹ̀. Ní 1916 ni ìlú náà ṣòfin.

Ẹ̀gbọ́n rò ó títí, ó gba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ṣọ́ọ̀bù yóò wà nísàlẹ̀, Ìyá yóò sì máa rí oòrùn.

Ẹ̀yin oníṣòwò àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, iye tí òfin fi lélẹ̀ yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn. Òfin ètò ìlú ti 1992 sì ní ká gba ìwé àṣẹ ká tó kọ́lé. Kí ẹ tó da yanrìn sílẹ̀, ẹ gbé àwòrán ilé yín lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlú. Ẹ bi wọ́n: báwo ni a óò ṣe jìnnà sí ààlà tó? Ìdá mélòó nínú ilẹ̀ ni ilé lè gbà? Àjà mélòó? Ìbéèrè mẹ́ta yìí kò wọ́n tó ilé tí katakátá yóò wá wó.