Àdàlù Kì Í Ṣe Oúnjẹ Ìtìjú

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwọ ọ̀dọ́ tí o ń ka ìwé yìí, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ikùn lè kún kí ara má sì rí ohun tí ó ń fẹ́. Ọmọ tí ó mu ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan, tí ó sì fi bisikíìtì lé e, kò ní sọ pé ebi ń pa òun. Síbẹ̀, kí ni ó jẹ? Nínú ìgò kékeré tí ó gba sẹntilítà 35, ṣúgà tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọtí wọ̀nyí tó nǹkan bí ṣíbí tíì mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Bí ìyá rẹ bá da irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ sínú ife ògì kan ṣoṣo, ìwọ fúnra rẹ ni yóò kọ́kọ́ pariwo.

Ní agbègbè wa yìí, ìbáà ṣe ọjà Ọyíǹgbò tàbí Tẹ́júoṣó ní Yábàá, ìbáà ṣe Ojúwoyè ní Múṣin, kò sí ibi tí o wọ̀ tí o kò ní rí ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀pà, edé, ẹja sawá àti ìdì ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. N kò sọ pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Ẹni tí ó bá ra dẹ́ríkà ẹ̀wà kan ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí ó tún rà á lónìí, yóò mi orí. Ṣùgbọ́n fi owó rẹ̀ wé owó ẹran, kí o sì fi í wé owó míìtì-páì tí ẹnu méjì pére ń pa run, ìwọ yóò rí i pé ẹ̀wà ṣì ń ṣàánú wa. Kí ló dé nígbà náà tí àwọn ọmọ wa fi ń yẹra fún un? Ojú ń tì wọ́n ni. Nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní Múṣin, mo máa ń rí ọmọ tí yóò fi ìwé bo abọ́ ẹ̀wà rẹ̀ ní àkókò ìsinmi, tí ẹni tí ó ra míìtì-páì yóò sì máa rìn kiri pẹ̀lú tirẹ̀ lọ́wọ́. Kò sí olùkọ́ tí ó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn ni wọ́n kọ́ ara wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni ọgbọ́n ńlá ni oúnjẹ tí wọ́n ń fi pamọ́ náà. Àwọn ìyá wa àtijọ́ kò lọ sí yunifásítì kí wọ́n tó da àgbàdo mọ́ ẹ̀wà láti fi se àdàlù. Àwọn onímọ̀ ni ó ṣàlàyé lẹ́yìn wọn pé nínú ohun tí ń mú ara dàgbà, èyí tí àgbàdo kò ní tó, ẹ̀wà ní i. Èyí tí ẹ̀wà kò sì ní tó, àgbàdo ní i. Ìdí nìyí tí àkàrà fi bá ògì mu, tí mọ́ínmọ́ín fi bá ẹ̀kọ mu. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní Òṣòdì ní 1956 tẹ̀lé ọ̀nà kan náà nígbà tí wọ́n po ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì fún àwọn ọmọdé. Ibi tí a ti ń fi àgbàdo nìkan bọ́ ọmọ ni a ti máa ń rí ìyà rẹ̀: ní 1933, oníṣègùn obìnrin kan, Cicely Williams, kọ̀wé láti Gold Coast, ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, nípa àwọn ọmọ tí ara wọn ń wú, tí irun wọn ń pọ́n, nítorí pé ẹ̀kọ ni wọ́n gbà ní ìgbà tí a já wọn lẹ́nu ọmú. Orúkọ tí àwọn ará Gáà ń pe àìsàn náà, kwashiorkor, ni gbogbo ayé ń pè é títí di òní. Ẹ̀fọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí èròjà irin inú rẹ̀ wà fún ẹ̀jẹ̀, ọmọbìnrin tí ó ti ń bàlágà sì ń fẹ́ èyí púpọ̀.

Ṣé ọmọdé ni kí ó wá máa kọ́ àdúgbò nípa oúnjẹ? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ David Morley ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí ó ti ń fún ìyá kọ̀ọ̀kan ní káàdì tí ó ń fi bí ọmọ ti ń wúwo sí i hàn. Ọkùnrin yìí kan náà, pẹ̀lú olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Hugh Hawes, ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1978, tí wọ́n pè ní ètò ọmọ sí ọmọ. Wọ́n ti kíyè sí i pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni ó ń pọn àbúrò, òun ni ó ń bọ́ ọ, nítorí náà ẹ̀gbọ́n ni ó yẹ kí a kọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìjọba na ọwọ́ sí pẹpẹ nígbà tí òfin ìnáwó ọdún 2021 fi owó-orí náírà 10 lé lítà ọtí ẹlẹ́rìndòdò kọ̀ọ̀kan. Ó dára. Ṣùgbọ́n ìtìjú tí ó wà láàárín ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, inú akèrègbè ni ó wà. Èmi pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ni mi, ọwọ́ mi kò wọ ibẹ̀.

Mo rí àwọn tí ọwọ́ wọn wọ̀ ọ́ ní òpópónà wa ní Sùúrùlérè. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n, obìnrin mẹ́ta, ọkùnrin méjì, ẹni tí ó dàgbà jù kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Wọ́n kó owó tí wọn ì bá fi ra míìtì-páì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò jọ, wọ́n lọ sí ọjà ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n sì se àdàlù pẹ̀lú ẹja sawá àti ẹ̀fọ́. Owó ìpápánu ẹni márùn-ún bọ́ ẹni mọ́kànlá, nítorí àwọn àbúrò wọn jẹ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ mìíràn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní oúnjẹ àwọn onígbèsè ni. N kò dá sí i. Ẹnu àgbàlagbà a máa ba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni. Ọmọkùnrin kan tí gbogbo wọn ń wárí fún nítorí bọ́ọ̀lù ni ó yanjú rẹ̀. Ó jókòó lórí kọnkéré tí a fi bo gọ́tà, ó jẹ abọ́ kan tán, ó sì bèèrè bóyá ó kù. Yẹ̀yẹ́ náà kú síbẹ̀.

Èyí tí ó tẹ̀lé e ni ó le. Ìyá kan ń dín pọfupọ́ọ̀fù ní ẹnu òpópónà náà. Opó ni, inú epo gbígbóná yẹn ni owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta ti ń jáde. Méjì nínú àwọn ọmọ wa lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada rẹ̀, wọ́n ń sọ fún àwọn oníbàárà pé epo tí a fi ń dín nǹkan léraléra kò dára fún ọkàn. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí ó lé oníbàárà kúrò lọ́dọ̀ opó, tí kò sì fi ohunkóhun rọ́pò wọn, ìwà ìkà ni mo pè é. Ní ọjọ́ kejì, àgbà nínú wọn, ọmọbìnrin, lọ kúnlẹ̀ bẹ ìyá náà. Ó wá ní, “Ẹ jọ̀wọ́ mà, bí a bá ń rà á, ṣé ẹ lè máa se mọ́ínmọ́ín?” Ìyá náà wò ó títí, ó ní, “Ọmọ mi, ohun tí àwọn ènìyàn ń rà ni mo ń sè. Ìwọ ni kí o sọ ẹni tí yóò rà á fún mi.”

Àwọn ọmọ náà kọ orúkọ àwọn tí yóò máa rà á sínú ìwé. Wọ́n rí méjìlá. Ìyá náà ń se ogún. Ní ọjọ́ òjò, ó máa ń kù, àwọn ọmọ náà a sì gbé e kiri láti ilé dé ilé. Kò fi pọfupọ́ọ̀fù sílẹ̀, n kò sì rí ìdí tí yóò fi fi í sílẹ̀.

Ní ilé tìrẹ ńkọ́? Má ṣe jókòó ti abọ́ kí o máa sọ fún ìyá rẹ pé oúnjẹ tí wọ́n sè kò dára. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o bá wọn ná ọjà. Lọ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹlẹ́fọ̀ọ́ kò fẹ́ gbé ẹrù rẹ̀ padà sílé mọ́. Owó ìdì méjì ní òwúrọ̀ lè ra mẹ́ta nígbà náà. Wọn yóò sọ fún ọ pé ẹ̀wà ń jẹ gáàsì, ọ̀rọ̀ wọn sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, kí o tó sùn, ṣa ẹ̀wà náà, fọ̀ ọ́, kí o sì rẹ ẹ́ sínú omi. Ní òwúrọ̀, da omi náà nù, gbé e ka iná pẹ̀lú omi mìíràn, kí o sì dé e. Yóò tètè rọ̀. Bí o bá ti ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyá rẹ ni yóò máa pè ọ́ ní alẹ́ pé, “Ṣé o ti rẹ ẹ̀wà?”