Dekódà Lọ, Dátà Dé

Láti ìgbà tí bàbá mi ti ní àwọn ò san owó dekódà mọ́, orí fóònù la ti ń wo fíìmù. Ṣé owó wá dínkù? Rárá o! Dekódà kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń wò; dátà, kálukú ló ń ra tiẹ̀. Netflix sọ pé fíìmù HD wákàtí kan lè jẹ tó 3GB. Lọ́dún 2025, NCC tún gbà kí owó ìpè àti dátà lọ sókè, ó lè tó ìdá 50 nínú 100. Èyí tó dùn mí jù: eré ti máa ń jẹ dátà tán kí n tó wo ẹ̀kọ́ Maths fún WAEC. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì mi, ẹ̀kọ́ ni ká kọ́kọ́ wò, ká tó wo fíìmù.