Àjàrà Faransé Lẹ́sẹ̀ Òkè Apalta

Ọ̀nà márosẹ̀ Ruta 5 la gbà kúrò ní Santiago, a dojú kọ gúúsù. Òkè Andes wà lọ́wọ́ òsì wa, yìnyín funfun lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ta ganrínganrín ní ìsàlẹ̀. A kọjá Rancagua, a dé San Fernando, a sì ti ibẹ̀ yà sápá ìwọ̀ oòrùn, ọ̀nà Santa Cruz. Kí wákàtí mẹ́ta tó pé, a ti wọ àfonífojì Colchagua, ọgbà àjàrà ló sì kù tí ojú ń rí.

Apalta ni mo ń lọ. Òkè rọ̀gbà yí ibẹ̀ ká, ó wá la ẹnu sí gúúsù. Lọ́hùn-ún, apá àríwá ni oòrùn ń gbà kọjá, nítorí náà òkè ń ṣíji bo àjàrà, kì í pọ́n kánkán. Ibẹ̀ ni Alexandra Marnier Lapostolle, ọmọ ìdílé tó dá ọtí Grand Marnier sílẹ̀ ní Faransé, àti ọkọ rẹ̀, Cyril de Bournet, fìdí iṣẹ́ wáìnì wọn múlẹ̀. Ọdún 1994 ni wọ́n dá Lapostolle sílẹ̀. Michel Rolland, ògbóǹtarìgì láti Bordeaux, ni wọ́n fi ṣe olùdámọ̀ràn.

Ilé ìfúntí wọn fẹ́ràn àṣehàn díẹ̀ lójú tèmi, pẹ̀lú àwọn igi gígùn tó tẹ̀ kọrọdọ tó yí i ká. Inú ilẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Wọ́n gbẹ́ òkúta akọ wọlé, wọ́n kọ́ àjà lé àjà, kí èso lè gba òkè wọlé, kí ọtí sì máa fúnra rẹ̀ ṣàn wá sísàlẹ̀ láìsí ẹ̀rọ tó ń fà á.

Lájà òkè, àwọn obìnrin dúró ti tábìlì gígùn, wọ́n ń já èso kúrò lára ṣírí rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ìka ẹni tó sún mọ́ mi jù ti dúdú fún oje. Kò tilẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Èso tó bá ti rọ, ó ti jù ú nù kí n tó rí i. Àwọn ìka yìí, kò sí orúkọ wọn lára ìgò.

Ọ̀rọ̀ Faransé ní Chile ti pẹ́ ju 1994 lọ. Ní 1851, Silvestre Ochagavía ti kó àjàrà Faransé wá síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kòkòrò tín-ín-tín kan, phylloxera, bá gbòǹgbò àjàrà jà ní Yúróòpù, ó run ọgbà Faransé. Nígbà táwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ tún gbìn, ẹ̀yà àjàrà kan, Carmenère, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú ohun tí wọ́n gbìn. Kòkòrò náà ò rí Chile wọ̀: aṣálẹ̀ Atacama ní àríwá, Andes ní ìlà oòrùn, òkun Pàsífíìkì ní ìwọ̀ oòrùn. Carmenère wà níbẹ̀ láàárín ẹ̀yà àjàrà mìíràn, Merlot, Merlot ni wọ́n sì ń pè é. Ọdún 1994 yẹn kan náà ni Jean-Michel Boursiquot, onímọ̀ ẹ̀yà àjàrà láti Faransé, wọ ọgbà Viña Carmen nítòsí Santiago, tó ní Merlot kọ́ lèyí. N kò gbà, nígbà náà, pé Faransé kàn wá kọ́ Chile níṣẹ́. Ilé onílé ló ti bá ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó kan ìtọ́wò, ọmọbìnrin tó ń mú wa káàkiri ní, “Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ ná, ẹ má tíì mu ún.” Mo fi imú kan ife Carmenère. Tàtàṣé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ni! Bí wọ́n bá tètè ká èso yìí, òórùn ata ni yóò bo gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi sílẹ̀ lórí igi di April tàbí May.

Wọ́n wá bu Clos Apalta, ọ̀gá gbogbo ọtí wọn. Ti ọdún 2005 ni ìwé ìròyìn Wine Spectator fi ṣe wáìnì tó ta yọ jù lọ ní 2008. Ó dùn, ó sì wúwo lẹ́nu, àmọ́ òórùn igi àgbá Faransé pọ̀ nínú rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Owó ìgò kan lé ní ọgọ́rùn-ún dọ́là. Mo ra Carmenère, mo sì fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tí ọ́fíìsì wọn ń bá sanwó.