Eérú àti Epo

Ní Ọ̀fà, ìlú Ìyẹ̀rú Ọkín, ìyá àgbà kan wà tí ó fi ọṣẹ dúdú ṣíṣe tọ́ ọmọ mẹ́rin. A máa sun èèpo kòkó tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà di eérú, a sì máa kó eérú náà sínú ìkòkò tí ó nihò nídìí. Bí ó bá da omi lé e lórí, omi eérú a máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò kejì. Omi yìí ni í máa sè pọ̀ mọ́ àdín títí yóò fi di ọṣẹ.

Ní ọjọ́ kan, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì dé fún ìsinmi. Ó ní, “Ìyá àgbà, ẹ jẹ́ kí a ra kọ́sítíìkì sódà lọ́jà. Ó yá ju eérú lọ.”

Ìyá àgbà kò tètè fèsì. Ó rántí ọmọ aládùúgbò kan tí ó gbé ife sódà mu, tí ó ṣe bí omi ni. Ọ̀nà ọ̀fun ọmọ náà bó, kò sì lè gbé òkèlè mì mọ́. Ó ní, “Ọkọ mi, kí ni ó wà nínú nǹkan yìí tí ó fi ń jẹ ẹran ara?”

Ọmọ náà ṣàlàyé pé ní 1807, Humphry Davy, ará Ìlú Ọba, fi iná mànàmáná yọ mẹ́tàlì kan jáde láti inú irú ohun tí ó wà nínú eérú: pótáṣíọ̀mù ni. Bí mẹ́tàlì yìí bá kan omi, yóò gbiná. Ṣùgbọ́n bí a bá fi òun tàbí sódíọ̀mù, àbúrò rẹ̀, sínú ọtí olóró tí à ń pè ní mẹ́tánọ́ọ̀lù, tí kò sí omi nínú rẹ̀, yóò hó, yóò sì di ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní alkoxide. Bí a bá fi díẹ̀ nínú rẹ̀ àti ọtí náà po epo pupa, epo náà yóò yí padà di epo tí ó lè wa ẹ̀rọ dísẹ́ẹ̀lì. Gílísẹ́rìnì yóò sì rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá wọ inú rẹ̀, alkoxide yóò tú padà di sódà àti ọtí. Sódà yóò wá mú epo náà, yóò sì sọ ọ́ di ọṣẹ.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. “Àdánù oníṣẹ́ epo ni èrè ọlọ́ṣẹ nígbà náà!”

Ọmọ náà ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n eérú tiyín náà ń jẹ ọwọ́.”

Ọ̀rọ̀ yìí wọ ìyá àgbà lára, nítorí ìkòkò omi eérú rẹ̀ ti ń wà nílẹ̀ láìní ìdérí láti ọdún pípẹ́. Wọn kò ra sódà. Ọmọ náà wá ìdérí, ìyá àgbà sì gbé ìkòkò náà sórí pẹpẹ. Òtítọ́ ni àwọn àgbà sọ: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè.